Pádì Tó Mọ Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Yan Bíréèkì Tí A Sì Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ

Àbúrò mi kan ń gbé ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìsinmi bá ti wà, ó máa ń sanwó wọ Brands Hatch, pápá eré ìje ọkọ̀ kan tó wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀, tó kàn fẹ́ sá a dáadáa láìbá ẹnikẹ́ni díje. Corolla bíi tèmi ni òun náà ń sá. Ní ọdún kan, ó fi pádì bíréèkì ránṣẹ́ sí mi nílé. Ó ní irú èyí lòun ń lò ní pápá, òun ò sì tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Inú mi dùn. Mo ní kí mẹkáníìkì mi fi wọ́n sí ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ọyẹ́, mo gbéra láti Ọ̀wọ̀, mo ń lọ sí Ìkárẹ́. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ewúrẹ́ kan fi já lu títì. Mo tẹ bíréèkì. Pẹ́dà le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí igi, ọkọ̀ sì ń lọ. Ìgbà tí mo fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́ ló tó dúró, ó sì kù díẹ̀ kí bọ́ńpà mi kan ewúrẹ́ náà. Kò sí ohun tó ṣe pádì yẹn. Ojúlówó ni. Àmọ́ pádì tí wọ́n ṣe fún iná ni, òtútù ni mo sì gbé e wọ̀.

Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́: ooru tí pádì máa bá pàdé lójú ọ̀nà ni a fi ń yan pádì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó máa ń gbà, tó sì mọ bí a ṣe ń wo pádì lójú, kò ní dá ara rẹ̀ sínú ewu láìmọ̀.

Ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀

Bí a bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì inú páìpù á ti pístìn inú kálípà síta, pístìn á sì fi pádì méjì há díìsì, irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, láàárín. Bí wọ́n ṣe ń há a, eré ọkọ̀ ń di ooru. Iṣẹ́ tí bíréèkì ń ṣe kò ju ìyẹn lọ: ó ń sọ eré di ooru, ó sì ń fi ooru náà fún afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi omi orí iná wọ̀n ọ́n. Ká ní ọkọ̀ kan wọn 1,500 kílógíráàmù, ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí, a sì tẹ bíréèkì títí ó fi dúró. Ooru tó jáde níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti hó omi tútù lítà méjì. Bó bá jẹ́ 50 kìlómítà ló ń sá, ìdámẹ́rin ooru yẹn péré ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin.

Òkè ló wá gba ọgbọ́n jù. Bí ọkọ̀ yẹn kan náà bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó fi 100 mítà ga ju ìsàlẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ bíréèkì nìkan la fi dì í mú, ooru tó máa jáde á tó láti hó omi lítà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìyẹn ju ìdúró ojijì méjì láti orí 100 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wakọ̀ lè má sá ju 40 lọ, kó sì máa rò pé òun ń rọra. Ẹ wá kó èrò kún un, ẹ gbé iṣu sí búùtù, kí gbogbo rẹ̀ di 2,000 kílógíráàmù: omi lítà mẹ́fà ló dé yẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pín ooru náà, tiwájú ló sì ń gbà á jù, nítorí bí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ sí.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé Àkùngbá. Ní oṣù January 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó kó sìmẹ́ǹtì pàdánù bíréèkì níbẹ̀, ó sì ya wọ àwọn ìsọ̀ tó wà níwájú yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, pè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Bíréèkì tírélà yàtọ̀ sí ti Corolla lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ooru fi ń bá àwọn méjèèjì lò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà yín

Kí ẹ tó dé ìsọ̀ sípéà, ẹ bi ara yín pé ibo ni ọkọ̀ yín máa ń lọ jù.

Bó bá jẹ́ àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni, láti ilé dé Ọjà Ọba, dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tàbí Rufus Giwa Polytechnic, ìdúró pọ̀, ṣùgbọ́n eré kò pọ̀. Pádì kì í gbóná púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni èyí tó máa ń mú láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà Àkúrẹ́, tàbí ọ̀nà Ìfọ́n lọ sí Benin, eré ni ìṣòro ibẹ̀. Ọkọ̀ á ti wà lórí eré, kòtò á yọ lójijì, tírélà á dúró níwájú, tàbí kí ẹ ṣẹ́ kọ́nà kí ẹ bá àwọn agbófinró lójú ọ̀nà. Ìdúró kan ṣoṣo níbẹ̀ ń mú ooru jáde ju ìdúró mẹ́rin láàárín ìlú lọ.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà Ìkárẹ́ ní Àkókó ni, tó gba Ọ̀bà àti Àkùngbá, tàbí tí ẹ bá ń yà sí Òkè-Ọ̀kà, ìgẹ̀rẹ́ ni ẹ ní láti múra sílẹ̀ fún. Bákan náà ni fún ẹni tó ń lọ sí àwọn ìlú olókè ní ìhà Ìdóàní. Níbẹ̀, pádì kì í rí àyè tutù kí a tó tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ń gba ọ̀nà oko ní Ọ̀sẹ tún ní tirẹ̀: eruku lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ àti omi lásìkò òjò. Iyanrìn tó há sáàárín pádì àti díìsì ń ha irin bí ayùn, ẹrẹ̀ tó gbẹ sára kálípà sì lè jẹ́ kí pádì há, kó má lè padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àyẹ̀wò ní ìlọ́po méjì ti ará ìlú.

Irú pádì mẹ́rin

Èyí àkọ́kọ́ ni pádì tí kò ní irin púpọ̀ nínú, tí wọ́n fi fọ́nrán, rọ́bà àti oje tó ń lẹ nǹkan pọ̀ ṣe. Kì í pariwo, kì í ha díìsì, ó sì ń mú nínú òtútù. Àmọ́ ó tètè ń jẹ, bí ooru bá sì pọ̀, ẹnu rẹ̀ á kú. Ọmọ ìlú ni. Ẹ má fi í gbé ẹrù gba ọ̀nà Àkókó.

Èkejì ni pádì onírin. Irin lílọ̀, fọ́nrán irin àti irú wọn máa ń kó tó ìdá kan sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀. Ó ń fara da ooru, ó sì ń pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó kú. Ó lè máa dún díẹ̀, ó sì ń jẹ díìsì ju àwọn yòókù lọ. Fún ọkọ̀ èrò, fún Sienna tó ń kó iṣu láti Ìfọ́n, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń gun òkè tó sì ń sọ̀ ọ́ déédéé, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n rà.

Ẹ̀kẹta ni pádì sẹ̀rámíìkì. Kì í pariwo, kì í da eruku dúdú sára wíìlì, ó sì ń pẹ́. Ó wọ́n ju àwọn méjì tó ṣáájú lọ. Ọkọ̀ ilé tó ń lọ Àkúrẹ́ tó ń bọ̀ láìru ẹrù, á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹrù àti ìgẹ̀rẹ́ gígùn, onírin ló yẹ.

Ẹ̀kẹrin ni pádì eré ìje, irú èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Ó lè fara da ooru tó máa sọ pádì yòókù di èédú, ṣùgbọ́n kì í mú dáadáa títí ó fi gbóná, àwọn mìíràn sì gbọ́dọ̀ kọjá 100°C kí wọ́n tó jí. Ní pápá, awakọ̀ á kọ́kọ́ sá yípo kan láti mú un gbóná. Ní Ọ̀wọ̀, ewúrẹ́ kò ní dúró kí ẹ sá yípo kan. Ẹ má fi í sí ọkọ̀ tí ẹ ń gùn lójú títì, bó ti wù kó lókìkí tó.

Ní ìsọ̀ sípéà

Ẹ gba pádì sọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo etí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà àti lẹ́tà. Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà méjì wà ní ìparí rẹ̀, bíi EE, FE, FF tàbí GG. Lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ bí pádì ṣe ń di díìsì mú tó. Ti àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń mú nígbà tí ooru kò tíì pọ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni bó ṣe ń mú nígbà tó bá ti gbóná gidi. E dúró fún ìwọ̀n 0.25 sí 0.35, F fún 0.35 sí 0.45, G fún 0.45 sí 0.55. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni dídìmú ṣe pọ̀ tó.

Nítorí náà, FF ń sọ fún yín pé ooru kò dín agbára rẹ̀ kù kọjá ààlà F. FE ń sọ pé bó bá gbóná, ó rẹ̀ ẹ́. Fún ọ̀nà tiwa, ẹ wá FF ó kéré tán, kí ẹ sì yẹra fún èyí tí lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti iwájú. Ẹ rántí pé dídìmú nìkan ni lẹ́tà yìí ń sọ. Kò sọ bí pádì ṣe máa pẹ́ tó.

Pádì tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù máa ń ní àmì mìíràn: lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan nínú òbìrìkítí, pẹ̀lú 90R lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ E ni orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. 1 jẹ́ ti Jámánì, 11 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ 90R ni pé wọ́n ti dán pádì náà wò pẹ̀lú èyí tó bá ọkọ̀ jáde, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ wọn sún mọ́ra.

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè tẹ lẹ́tà sára rẹ̀ náà. Nítorí ìyẹn, ẹ fi ojú àti ọwọ́ yẹ ìwọ̀nyí wò:

Ẹ gbé pádì tuntun lé ti àtijọ́. Ihò rẹ̀, etí rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ wo ibi tí pádì ti lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo kankan, irin náà kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ẹ fi èékánná ha á. Bó bá ń já bí búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ dá a padà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú páálí gbọ́dọ̀ jọra, kí nọ́ńbà ìṣelọ́pọ̀ wọn sì bára mu. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ara páálí; bí wọ́n bá ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ kọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rí.

Pádì tòkúnbọ̀ ńkọ́? A lè ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ká gbọ́ bó ṣe ń dún. Pádì kò ní ohùn. Ẹ kò mọ iná tó ti rí, ẹ kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Kí ẹ sì máa gba rìsíìtì, nítorí òun ni ẹ̀rí tí ẹ máa mú dání bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àjọ SON, tó ń bójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè fúnra yín ṣe

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó fún ọkọ̀ ìlú. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni fún ọkọ̀ tó ń rin òkè tàbí oko. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, kí ẹ gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn kí ẹ tó fi jáàkì gbé iwájú.

1. Ẹ tẹ́tí. Ọ̀pọ̀ pádì ní irin tínrín kan tó máa kan díìsì bí pádì bá ti fẹ́ tán, tó sì máa ń han gooro. Ìkìlọ̀ ni ariwo yẹn. Bó bá ti di pé irin ń lọ irin, tó ń dún gbùrùrù, pádì ti tán. Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀.

2. Ẹ wọn nínípọn rẹ̀. Pádì tuntun máa ń tó mílímítà 10 sí 12, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ku 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò ní rúlà lè lo igi ìṣáná, tó nípọn tó nǹkan bíi mílímítà méjì. Bí pádì kò bá ju igi ìṣáná kan àti ààbọ̀ lọ, ó ti parí. Fún òkè, èmi kì í dúró dìgbà yẹn: bó bá ti dín ní 5, mi ò gba ọ̀nà Àkókó mọ́. Pádì tó ti tínrín ń jẹ́ kí ooru tètè dé inú ọ́ìlì.

3. Ẹ wo ti inú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọjú wo pádì ìta láàárín ihò wíìlì, wọ́n á sì ní ó ṣì pọ̀. Ti inú ló sábà máa ń kọ́kọ́ tán. Ẹ tú táyà kí ẹ lè rí i.

4. Ẹ wò ó bóyá ó jẹ dọ́gba. Bí apá kan pádì bá tínrín ju apá kejì lọ, tàbí tí ti ọ̀tún bá ti tán tí ti òsì ṣì pọ̀, ó ṣeé ṣe kí pínnì tí kálípà ń yọ́ lórí rẹ̀ ti há. Pádì tuntun nìkan kò ní tán ìṣòro yẹn.

5. Ẹ wo díìsì. Ẹ fi ìka kàn án nígbà tó bá tutù. Bó bá ní kòtò gígùn, nǹkan ti ha á. Bó bá ní àwọ̀ búlúù, tàbí tó sán, ooru ti bà á jẹ́. Wọ́n kọ MIN TH àti nọ́ńbà kan sára ọ̀pọ̀ díìsì: bí díìsì bá ti tínrín dé ìwọ̀n náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n tún un gé.

6. Ẹ wo ọ́ìlì bíréèkì. Bó bá ti dúdú, ó ti pẹ́ jù. Ọ́ìlì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi ló sì ń jẹ́ kó tètè hó. DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ lè fara dà á títí dé 205°C kó tó hó. Bó bá ti fa omi, ààlà náà lọ sílẹ̀ sí 140. Ti DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tó tuntun, 155 nígbà tó ti fa omi. Ẹ lo èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì bíréèkì sí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, kí ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti ṣí gálọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìsọ̀.

7. Ẹ dán pẹ́dà wò. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú. Bó bá ń rọra lọ sílẹ̀, ọ́ìlì ń jò níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé rọ́bà inú màsítà sìlíńdà ti jẹ. Ẹ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ibi kan tutù, kí ẹ sì wo rọ́bà tó gbé ọ́ìlì lọ bóyá ó ti sán.

Bí ẹ bá ń nu eruku bíréèkì, omi ni kí ẹ lò. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí fọ́káńáísà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn pádì kan ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi tuntun sí i

Ẹ dúró ti mẹkáníìkì, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tọ̀túntòsì ni a ń pààrọ̀ pádì pọ̀. A kì í pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó fi okùn tàbí wáyà so kálípà rọ̀, kó má jẹ́ kó rọ̀ mọ́ rọ́bà ọ́ìlì. Kí ó nu pínnì, kó fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa á. Gíríìsì lásán tí wọ́n ń fi sí béárì ń mú kí rọ́bà wú. Kò gbọ́dọ̀ sí gíríìsì tàbí ọ́ìlì lójú pádì, bó ti wù kó kéré tó. Bó bá sì parí, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí tó fi le, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti kọlu ògiri ṣọ́ọ̀bù nítorí pé wọn ò ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà, pádì àti díìsì gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti gùn tí kò sì sí ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹ sá a dé 60, ẹ fi bíréèkì rọra mú un wá sí nǹkan bíi 20, láìjẹ́ kó dúró pátápátá. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa fún un láyè díẹ̀ láàárín. Ní ìparí, ẹ wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kó lè tutù. Pádì tí a kò ṣe èyí fún lè dán bí gíláàsì lójú, kó má sì mú dáadáa mọ́.

Bí a ṣe ń sọ òkè

Pádì tó dára jù lọ kò lè gba ẹni tí kò mọ òkè sọ̀ là. Jíà tí ẹ máa fi gun òkè yẹn ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí ẹ sì ti wọ̀ ọ́ kí ẹ tó dé orí ìgẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ aláìníkílọ́ọ̀ṣì ní 2 tàbí L. Ẹ lò ó. Ẹ́ńjìnnì á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, bíréèkì á sì rí ìsinmi. Bí eré bá ti pọ̀ jù, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa títí tó fi wálẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má sì fi ọkọ̀ sí fíríì nítorí epo. Epo tí ẹ fi pa mọ́ níbẹ̀ kò tó owó pádì kan, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí.

Bíréèkì tó gbóná jù ń fi àmì méjì hàn, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀. Bí pẹ́dà bá le ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò dúró, tí òórùn nǹkan jíjó sì ń bọ̀, pádì ni ẹnu rẹ̀ ti kú. Bí pẹ́dà bá rọ̀ tó sì ń lọ dé ilẹ̀, ọ́ìlì ló ti hó. Nínú èkejì yìí, ẹ yára tẹ pẹ́dà léraléra, ó lè gbé díẹ̀ dìde. Nínú méjèèjì, ẹ bọ́ sí jíà kékeré, ẹ rọra máa fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ máa fun fèrè, kí ẹ sì wá ibi tí ilẹ̀ ti ń gòkè tàbí iyanrìn. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá ti dúró, ẹ má da omi sórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe é. Irin tó gbóná tí omi tútù kàn lójijì lè sán tàbí kó wọ́. Ẹ fi òkúta há táyà, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Bí pẹ́dà bá ti rọ̀ rí, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó tún gba òkè kankan.

Fún ọmọ wa tó ń lọ pápá

Ẹni tó bá wà lókè òkun tó ń sá ọkọ̀ ní pápá, ohun kan náà la ń bá a sọ, a kàn fi iná kún un ni. Ní Brands Hatch, kọ́nà àkọ́kọ́, Paddock Hill Bend, yí sí ọ̀tún, ó sì já sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò bá dúró ṣinṣin kò ní kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Pádì rẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì kí o tó wọlé. Ọ́ìlì rẹ gbọ́dọ̀ tuntun, DOT 4 tó dára tàbí 5.1, tí ààlà híhó rẹ̀ jẹ́ 260°C. Sá ìwọ̀nba yípo, kí o fi èyí tó kẹ́yìn tu bíréèkì lójú, kí o má sì fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tó bá ṣì gbóná. Mú pádì títì dání fún ìrìn-àjò ilé.

Àwa tí a kò ní pápá nítòsí, ká rántí pé ọ̀nà Benin kì í ṣe pápá. Ọmọdé, ewúrẹ́ àti ọlọ́kadà ló ń bá wa lò ó.

Pádì tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ kò ṣòfò. Mo tú u, mo fi bébà wé e, nígbà tó wálé, ó kó o padà sí Kent, níbi tí iná wà tó máa jí i. Ní ọjọ́ tí mo lọ ra èyí tí mo ń lò báyìí, mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé èwo ló dára jù. Kò na ọwọ́ sí páálí kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà?" Mo fa àga, mo jókòó tì í.